Ta Ló Ń Gbẹnu Ọmọdé Sọ̀rọ̀ Níwájú Adájọ́?

Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan àgbàlagbà, òun ni yóò yan agbẹjọ́rò rẹ̀, òun ni yóò sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún un, òun náà ni yóò sì pinnu bóyá kí òun gbà pé òun jẹ̀bi tàbí kí òun jà á dé òpin. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè dìbò ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ọlọ́pàá lè mú un, wọ́n sì lè bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé gbà pé kò tíì lè dá ìpinnu ṣe ni wọ́n wá ní kó dá dáhùn. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ti òfin, ọ̀rọ̀ ìwà àti ìgbàgbọ́ ni. Ta ló tọ́ kó gbẹnu ọmọ sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ ta ni onítọ̀hún yóò sì máa sọ, ti ọmọ ni àbí ti àwọn tó ni ọmọ?

Ní gúúsù Èkìtì, ìdáhùn wà fún ìbéèrè àkọ́kọ́ tipẹ́tipẹ́ kí kóòtù tó dé. Láti agbo ilé ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Baba tàbí olórí ẹbí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó bá ju agbára wọn lọ, yóò di ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè àdúgbò, títí yóò fi dé ààfin, níwájú Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀ tàbí Elémùúré ní Emùré. Níbikíbi tí ẹjọ́ náà bá dé, ọmọdé kì í dá dúró. Ẹni tó bí i ló ń dọ̀bálẹ̀, òun ló ń ṣàlàyé, òun ló ń tọrọ àforíjì, òun ni yóò sì san ohun tí ọmọ bàjẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ní láti wí tẹnu wọn, nítorí agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni Yorùbá pè é. Àṣà yìí ti fi ohun kan múlẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí mọ́: kò bójú mu kí a kó àgbàlagbà jọ yí ọmọ kan ká, kí a máa bi í ní ọ̀rọ̀ ọ̀ràn, láìsí ẹnì kan tó dúró tì í. Àwọn tó ń pe agbẹjọ́rò ọmọdé ní àṣà òyìnbó kò wo ìtàn ilé dáadáa.

Àmọ́ àṣà náà ní àléébù kan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ nígbà náà, orúkọ ẹbí ló ń dáàbò bò. Bí ohun tó dára fún ẹbí bá bá ohun tó dára fún ọmọ mu, ayé gún. Bí kò bá bá a mu, ọmọ ló máa ń fara gbá a. Ìwọ̀fà jẹ́ ẹ̀rí èyí. Baba tó jẹ gbèsè lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ẹni tó yá a lówó, ọmọ náà yóò sì máa ṣiṣẹ́ títí owó yóò fi pé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló yá owó. Kò sí ìkà kankan lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn baba bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àtiyọ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀ ẹnu baba ló fi ọmọ sílẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ní ẹnu láti sọ pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ jù lọ lè máà jẹ́ ẹni tó yẹ kó gbẹjọ́ rẹ̀ rò.

Ìjọba òyìnbó gbé èrò mìíràn wá. Ní ọdún 1943 ni wọ́n ṣe òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Èkó kó tó tàn dé ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Donald Faulkner, òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn tí ìjọba yàn fún Èkó, wà lára àwọn tó mú kí kóòtù ọmọdé àti ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n ń sùn káàkiri ọjà dìde. Lójú òfin yẹn, kóòtù ọmọdé dà bíi baba. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fìyà jẹ ọmọ. Ó fẹ́ tún un ṣe ni. Nítorí náà, wọn kò ka agbẹjọ́rò sí ohun kòṣeémánìí. Bí adájọ́ bá ti jẹ́ baba, kí ni ọmọ ń fi lọ́yà ṣe? Òfin náà tún gba òbí láyè láti fúnra rẹ̀ mú ọmọ tí apá rẹ̀ kò ká lọ síwájú kóòtù, kí ìjọba bá a tọ́ ọ. Níbẹ̀ ni àṣà àtijọ́ ti dojú rú pátápátá, nítorí baba tó yẹ kó gbẹnu ọmọ sọ̀rọ̀ ti di olùfisùn. Ọmọ kò ní ẹnìkan mọ́ nínú yàrá náà tó jẹ́ tirẹ̀.

Amẹ́ríkà ti rìn lójú ọ̀nà kan náà, ibẹ̀ náà ni àṣìṣe rẹ̀ sì ti hàn gbangba. Ní ọdún 1964, ní ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n mú ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Gerald Gault pé ó fi tẹlifóònù sọ ọ̀rọ̀ rírùn sí obìnrin aládùúgbò rẹ̀. Kò ní agbẹjọ́rò. Obìnrin tó fẹ̀sùn kàn án kò yọjú sí kóòtù rárá. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àtúnṣe títí yóò fi pé ọdún 21, ìyẹn bí ọdún mẹ́fà. Ká ní àgbàlagbà ló ṣe é, ìtanràn tí kò lè kọjá 50 dọ́là tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò lè ju oṣù méjì lọ ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé e, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n lè gba òmìnira rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò. Àánú adájọ́, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè rọ́pò ẹni tó ń bi olùfisùn léèrè pé báwo ló ṣe mọ̀.

Àwọn kan ń kọminú lórí ọ̀rọ̀ yìí látàrí ẹ̀sìn wọn, kò sì yẹ kí a fojú kéré àníyàn wọn. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti jalè, tí agbẹjọ́rò wá ní kó dákẹ́, ṣé kì í ṣe pé a ń kọ́ ọ ní irọ́? Nínú ilé ìjọsìn àti nínú ilé, “jẹ́wọ́” ni àgbà máa ń sọ fún ọmọ. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run tàbí níwájú ìyá ẹni ní ìdáríjì lẹ́yìn. Gbólóhùn tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀, tí ọmọ fi àtàǹpàkò tẹ̀ láàárín òru, kò ní ìdáríjì kankan lẹ́yìn; ẹ̀rí ni, wọn yóò sì kà á sókè ní kóòtù. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà yóò gba ohun tí kò ṣe kí ó lè lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ òtítọ́ ní tòótọ́ kò ní fẹ́ irú ìjẹ́wọ́ yẹn. Agbẹjọ́rò pàápàá, òfin iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti mú ẹ̀rí tó mọ̀ pé irọ́ ni wá síwájú adájọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ẹni tó fẹ̀sùn kàn ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àti pé ìyà, bí yóò bá wà, kò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Ìgbàgbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti ọmọdé lẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ni pé a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì bàlágà. Ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgbà. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí 21, Hágárì gbé ọmọ rẹ̀ sábẹ́ igbó nínú aginjù nígbà tí omi tán, ó sì lọ jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó ń sunkún. Ìyá ni ìtàn náà sọ pé ó ké, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ ni ó sọ pé Ọlọ́run gbọ́. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń ka ibẹ̀ dúró díẹ̀: ohùn ìyá kò bo ohùn ọmọ mọ́lẹ̀. Ní ti ìṣẹ̀ṣe, olúkúlùkù ló mú orí tirẹ̀ wá. Bí wọ́n bá bí ọmọ tuntun, tí wọ́n lọ dá Ifá àkọsẹ̀jayé, ọ̀nà ọmọ náà ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ti baba. Àwọn òbí jókòó, wọ́n ń gbọ́ ohun tí àwọn kò yàn. Ẹni tó bá gbà pé ọmọ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ti ní ìpín tirẹ̀ kò lè máa sọ pé ọmọ ọdún 14 kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án.

Lórí ìwé, òfin òde òní ti gba gbogbo èyí. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 1991, ó sì fọwọ́ sí ti ilẹ̀ Áfíríkà ní 2001. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Abala 155 fún un ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ẹjọ́ èyíkéyìí tó bá kàn án ní kóòtù ẹbí, abala 210 sì tún un sọ fún ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ tètè kàn sí òbí bí wọ́n bá mú ọmọ. Àtìmọ́lé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun ìkẹyìn. Wọn kò gbọdọ̀ pe ìdájọ́ ọmọ ní orúkọ tí wọ́n ń pe ti ọ̀daràn àgbà. Wọn kò sì gbọdọ̀ jù ú sẹ́wọ̀n tàbí nà án. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti sọ òfin náà di tirẹ̀, ó sì wà nínú àkójọ òfin ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 2012. Òfin ìrànwọ́ lórí ẹjọ́ ti ọdún 2011 tún gbé ẹrù lé ìjọba àpapọ̀ lórí láti pèsè agbẹjọ́rò fún ẹni tí kò lówó. Kò sí ẹ̀tọ́ pàtàkì kan tí a tún ní láti kọ sínú ìwé.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni bí ẹ̀tọ́ náà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ nígbà tó nílò rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá ló máa ń pinnu ẹjọ́ ọmọdé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dé kóòtù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sínú ìwé. Bí wọ́n bá mú ọmọkùnrin kan nínú oko kòkó lẹ́yìn Ìsẹ̀ tàbí Emùré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Adó-Èkìtì, olú-ìlú ìpínlẹ̀, ni ẹbí yóò ti kọ́kọ́ ronú wíwá agbẹjọ́rò. Kí baba tó rówó ọkọ̀, kí ó tó mọ ẹni tí yóò rí, ọmọ ti sọ ohun gbogbo, ohun tó ṣe àti ohun tí kò ṣe. Agbẹjọ́rò tó bá dé ní ọjọ́ Ajé ti pẹ́ jù. Ètò kan wà tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, tó ń fi agbẹjọ́rò sí àgọ́ ọlọ́pàá láti gba àwọn tálákà sílẹ̀. Àwọn ìlú bí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ló nílò irú ètò bẹ́ẹ̀ jù lọ, nítorí pé kò sí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò tó ń gbé ibẹ̀.

Ọjọ́ orí gan-an lè di ogun. Ọ̀pọ̀ ọmọ oko ni kò ní ìwé ìbí. Bí ọlọ́pàá bá kọ 19 síwájú orúkọ ọmọ ọdún 16, gbogbo ààbò òfin ọmọdé ti fò lọ, ọmọ náà ti di àgbà lórí ìwé, kóòtù àgbà ni yóò sì gbà á. Ní ọdún 1988, nínú ẹjọ́ Modupe, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé bí ẹ̀rí bá fi hàn pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì pé ọdún 17 nígbà tó ṣẹ̀, adájọ́ kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ ikú fún un. Àmọ́ ta ni yóò mú ẹ̀rí náà wá? Ní Òkukù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan ní 2010 lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè, àwọn òbí rẹ̀ sì ń sọ pé ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà, ìyẹn ọmọdé lójú òfin 2003. Ní 2014, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́yìn tí igbe àwọn òbí rẹ̀ gba gbogbo orílẹ̀-èdè kan, ni gómìnà tó dárí jì í. Ìwé ìrìbọmi, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá tó mọ ọdún tó bímọ: agbẹjọ́rò tó bá wá nǹkan wọ̀nyí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti gba ẹ̀mí là.

Béèlì náà ńkọ́? Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kó ènìyàn 76 wá síwájú ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá lórí ìwọ́de ebi tó wáyé ní oṣù Kẹjọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé, ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù, ebi sì hàn lójú wọn. Adájọ́ fún wọn ní béèlì mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwòrán wọn tàn káàkiri, Ààrẹ pàṣẹ ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà pé kí wọ́n dá wọn sílẹ̀, ẹjọ́ náà sì parí ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Agbẹjọ́rò wà fún wọn lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti lé ní oṣù méjì tí wọ́n ti wà látìmọ́lé. Ariwo ló gbà wọ́n. Ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé ní ìlú kékeré, tí kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀, kò ní ariwo tí yóò gbà á.

Èdè tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ẹjọ́. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún ènìyàn ní èdè tó yé e, kí ògbufọ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ògbufọ̀ lè máa sọ Yorùbá inú ìwé nígbà tí ọmọ ń sọ ẹ̀ka èdè Èkìtì ti ìlú rẹ̀. Ìtìjú yóò mú ọmọ náà dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni, sà” sí ohun tí kò yé e. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í bá àgbà jiyàn, kì í wo àgbà lójú; adájọ́ tí kò mọ èyí lè rò pé ojú tó wolẹ̀ ni ojú ẹlẹ́bi. Ẹ̀kọ́ ilé tó yẹ kó gbè é ni yóò wá di ẹ̀rí lòdì sí i. Agbẹjọ́rò tó gbọ́ èdè ibẹ̀, tó sì mọ ìṣe ibẹ̀, ló lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ló le jù: ọ̀rọ̀ ta ni agbẹjọ́rò yóò máa sọ? Òfin 2003 fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo, àdéhùn àgbáyé sì ní kí a gbọ́ tẹnu ọmọ. Nǹkan méjèèjì kì í fi gbogbo ìgbà rìn pọ̀. Ká ní wọ́n mú ọmọ ọdún 15 àti àbúrò bàbá rẹ̀ lórí ọ̀kadà tí wọ́n jí. Àbúrò bàbá ló sanwó agbẹjọ́rò, agbẹjọ́rò kan náà ló sì dúró fún àwọn méjèèjì. Bí ọmọ bá fẹ́ sọ pé àbúrò bàbá òun ló ní kí òun gun ọ̀kadà náà wálé, ta ni yóò bá a sọ ọ́? Tàbí kí ìyá sọ fún agbẹjọ́rò pé kí ọmọ gbà pé òun jẹ̀bi kí wọ́n lè gbé e lọ sí ilé àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Borstal, bóyá yóò kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Mẹ́ta péré ni irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ní, ní Kàdúná, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin. Kò sí ọ̀kan ní Èkìtì. Ìyá náà fẹ́ ire ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní òun kò jalè.

Níbi ẹ̀sùn ọ̀ràn, ohun tó tọ́ ni kí agbẹjọ́rò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ọmọ. Ire ọmọ ní àwọn olùṣọ́ mìíràn: òbí wà, òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn tí àwọn ará ìlú ń pè ní wẹ́fíà wà, òfin sì ní kí àwọn agbaninímọ̀ràn tó mọ̀ nípa ọmọdé bá adájọ́ jókòó ní kóòtù ẹbí. Gbogbo wọn ló lè sọ ohun tí wọ́n rò pé ó dára fún un. Bí agbẹjọ́rò pẹ̀lú bá dara pọ̀ mọ́ wọn, kò sí ẹni tó kù tó ń sọ ohun tí ọmọ sọ. Èyí kò ní kí agbẹjọ́rò má gbà á nímọ̀ràn. Ó lè bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kó sọ ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan já sí, kó tún un sọ ní ọ̀nà tí yóò fi yé ọmọ. Nígbà tí ọmọ bá kéré jù láti lóye, bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀sùn ọ̀ràn fúnra rẹ̀ ni kò yẹ kó wà. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún ti yọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje kúrò pátápátá, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ̀sùn kan ọmọ tí kò tíì pé 12 fi hàn pé ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára.

Àtúnṣe tó kù kò ju agbára ìpínlẹ̀ lọ. Kí orúkọ àwọn agbẹjọ́rò tó ṣetán láti dé àgọ́ ọlọ́pàá, tọ̀sán-tòru, wà lára ògiri àgọ́ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, kí ìjọba sì máa san owó ọkọ̀ wọn. Kí agbẹjọ́rò tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọmọ kan má ṣe fi sílẹ̀ fún òmíràn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú. Kí ó máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ láìsí òbí níbẹ̀, bó ti wù kí inú òbí bàjẹ́ tó. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti ní Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, tó wà ní Adó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, lábẹ́ ìṣọ́ olùkọ́ wọn, lè máa wá ìwé ọjọ́ orí, kí wọ́n sì máa ka ẹ̀sùn fún ẹbí ní èdè wọn. Òfin 2003 ti gba ọlọ́pàá àti olùpẹ̀jọ́ láyè láti parí ẹ̀sùn tí kò le láìdé kóòtù, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì gba owó gbà-má-bínú. Èyí bá ìṣe agbo ilé mu, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ọmọ má baà gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ torí kí àgbà lè tètè parí ọ̀rọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Adó àti ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ló ní iṣẹ́ yìí láti ṣe, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.